Ọ̀gá Tónítóní àti Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Jẹ́ Kó Lọ Sílé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ọ̀gá Tónítóní jẹ́, ẹ wò ó nígbà tó bá ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà. Alágbàfọ̀ ni. Kò ní kọ́kọ́ kí yín. Ọrùn aṣọ ni yóò kọ́kọ́ ṣí wò, lẹ́yìn náà abíyá, imú rẹ̀ á sì máa súnkì bí ewé tí wọ́n jù síná. "Ṣé ọrùn nìyí àbí ìdí ìkòkò?" Oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé nígbà tí aṣọ yẹn bá máa padà bọ̀, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú.

Èmi ni onígbàjámọ̀ tó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì títì. Gọ́tà kan ló là wá láàárín, òun náà ló sì máa ń fọ gọ́tà ọ̀hún, torí kò lè gba òórùn rẹ̀ mọ́ra. Tó bá fẹ́ gẹ irun, á gbé abẹ tirẹ̀ wá, á gbé aṣọ ìborùn tirẹ̀ wá, á nu àga mi kó tó jókòó. "Onígbàjámọ̀, orí ta lo fá kẹ́yìn?" Ẹni yòówù tí mo bá dárúkọ, á ní kí n lọ tún ọwọ́ fọ̀. Kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́. Kì í mu omi nílé onílé. "Ó ń rí mi lára" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ìgbín ń rí i lára, ẹyin tí kò jinná ń rí i lára, ẹni tó bá fi ìka ta eyín níwájú rẹ̀ ti di ọ̀tá.

Ọlọ́run tó mọ àwàdà ṣe, ẹlẹ́ja ló fi ṣe aya fún un. Láti àárọ̀ ni obìnrin náà ti ń tú ìfun ẹja lórí pátákó, ìpẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn lápá títí dé ìgúnpá. Kò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kó sì bọ́ aṣọ ọjà sínú báfù lọ́tọ̀. Ẹ̀rín ló fi ń gbà á. "Ẹja ni mò ń gbá mọ́ra lọ́jà," á ní, "ọkọ mi ló wá di ẹyin tí ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn." Àwa tó sún mọ́ wọn mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn dénú. Ìbejì tí wọ́n bí ti dàgbà, wọ́n ti wà nílé ọkọ. Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pe obìnrin náà.

Ìríra yìí náà ló fẹ́ pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá yàgbẹ́. Ẹlòmíràn á pariwo síta. Òun tí kò lè pe ìgbẹ́ lórúkọ, báwo ni yóò ṣe sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀? Ó ń da omi lé e, ó ń da oògùn apakòkòrò lé e, ó ń ti ilẹ̀kùn. Ó ń fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó tọ̀ sórí ẹní. Ó ń rù. Mo rí i pé ọrùn rẹ̀ ti kéré nínú kọ́là, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí o?" Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ìyá Ìbejì ló tú u fó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ̀lé e dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀kùn mú kí ọkọ rẹ̀ tó da omi. Ó wo inú ibẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Baba Ìbejì, láti ìgbà wo?"

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Má wo ibẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Má wò ó."

"Mo ti wò ó ná. Ẹ wọ ṣòkòtò yín, à ń lọ."

Ohun tí wọ́n ṣe fún un nílé ìwòsàn, díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n ní kó yí ẹ̀yìn padà. Dókítà fi ìka wádìí. Wọ́n tún fi rọ́bà tó ní iná lẹ́nu wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń wo ìfun rẹ̀ lórí ẹ̀rọ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. "Onígbàjámọ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọṣẹ kí n fọ ọwọ́ dókítà yẹn fún un. Ojú ń tì mí nítorí rẹ̀." Jẹjẹrẹ ni wọ́n bá nínú ìfun. Wọ́n ní àwọn máa gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, àwọn á sì rán ẹnu méjì tó kù pọ̀, kí ọ̀nà tún já geere.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì jí. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Ìbejì ní kí n wá bá òun fá irùngbọ̀n ọkọ òun, torí ó ti ń fi irùngbọ̀n ọ̀hún bá gbogbo ayé jà. Mo gbé abẹ rẹ̀ tìkára rẹ̀ lọ.

Kí n má purọ́, wọ́ọ̀dù yẹn rí èmi náà lára. Òórùn kan wà níbẹ̀, ìdajì oògùn, ìdajì ìtọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́fun. Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ń há kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó ń tu ú sínú abọ́, abọ́ náà sì ti fẹ́ kún. Ọ̀gá Tónítóní jókòó gbọnrangandan láàárín gbogbo rẹ̀ bí aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí ààtàn. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti mu tíì. Ó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní ọkùnrin yìí ti yè.

"Wo kọ́tìnì yẹn," ó ní, bí mo ṣe ń po ọṣẹ. "Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, omi gbígbóná ni wọ́n sì fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná! Wọ́n ti sè é mọ́ ara aṣọ. Kó tó dọ́la, màá ti kúrò nínú ẹ̀gbin yìí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń jókòó sọ̀rọ̀ tí kò ní sún àga tirẹ̀ síwájú. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé àbúrò òun rin ìrìn àjò. Jẹjẹrẹ ìfun, àìsàn ìdí, kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ mọ́ orúkọ ilé wọn. Ó ti kó aṣọ àbúrò rẹ̀ sínú báàgì, ó ń dúró kí dókítà wá ní kí wọ́n máa lọ.

Dókítà dé. Obìnrin ni, ó ga, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Òun gan-an ló ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó tẹ ikùn Ọ̀gá Tónítóní wò, ó bi í bóyá ibì kan ń dùn ún. Ó ní rárá. Dókítà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ lọ lónìí. Ẹ̀jẹ̀ yín ni ò jẹ́."

"Ẹ̀jẹ̀ wo?" Alága ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Èyí tí ẹ ń fà lójoojúmọ́ bí ẹ̀fọn? Ṣé ó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ni?"

Dókítà ò bínú. Ọ̀gá Tónítóní ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ibi tí a rán pọ̀ nínú yín, a ò lè máa ṣí ikùn lójoojúmọ́ láti wò ó. Ẹ̀jẹ̀ la fi ń bi í léèrè. Nǹkan kan wà tí ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ibì kan bá ń gbóná nínú ara. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò sí ẹni tí kì í ga lára rẹ̀, torí abẹ fúnra rẹ̀, ọgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó yẹ kó ti máa rọlẹ̀. Tiyín ń gòkè. Àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ yín, tó ń bá kòkòrò àìsàn jà, náà ń pọ̀ sí i."

"Kí ló wá ń ṣe é?" Alága tún béèrè.

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀! Ẹ gbọ́ o, ó ní òun ò mọ̀!"

"Ẹ̀jẹ̀ kì í sọ ibi tó ń jó, sà. Pé nǹkan ń jó nìkan ló ń sọ. Ó lè jẹ́ àyà, ó lè jẹ́ ojú ọgbẹ́. Ó sì lè má jẹ́ nǹkan kan, kó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀ láti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Bó bá ń ga, mi ò lè búra pé ewu ni, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ kẹ́yìn sí i. Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò inú ikùn wọn lónìí."

Alága yọ ṣùtì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó bàtà àbúrò rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Dìde, jẹ́ ká lọ. Ènìyàn tó ń mu tíì! Bí wọ́n bá ti rí ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ilé ìkẹ́kọ̀ọ́." Ohun tó sì dùn mí jù ni pé Ọ̀gá Tónítóní ti ń sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́. Bàbá ẹ̀gbẹ́ yẹn ló tún há kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá Ìbejì ti dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí Dókítà ti dé. Ó gba bàtà lọ́wọ́ Alága, ó tì í sí abíyá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Kò sí ẹni tó ń lọ sílé."

"Ìwọ aya wa, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Dókítà ní òun ò mọ̀. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ mọ̀? Ẹni tó sọ pé òun ò mọ̀ tó fẹ́ wò ó, òun ni màá tẹ̀lé." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Baba Ìbejì, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ bá fẹ́, màá lọ da abọ́ bàbá yẹn nù fún wọn." Ó sì lọ gbé e lóòótọ́, ó dà á nù, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e padà wá. Bàbá náà ń súre. Alága fi áńkáṣíìfù bo imú, ó jáde.

Fọ́tò tí wọ́n yà lọ́sàn-án ọjọ́ náà fi hàn. Ojú rírán ti là níbì kan, ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí irùngbọ̀n rẹ̀ ni Dókítà wọlé, ó fara balẹ̀ sọ ọ́. Ó ní ohun tó wà nínú ìfun ti ń kán sínú ikùn, ọyún ti ń kórajọ, ara ò tíì pariwo ni. Ọ̀gá Tónítóní wò ó.

"Kí ló ń kán?"

"Omi inú ìfun, Bàbá."

"Ìgbẹ́." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. "Ìgbẹ́ tú sínú mi." Ó wo ikùn ara rẹ̀ bí ẹni wo ilé tí olè wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bì. Tíì tó mu ló dà sórí aṣọ ìbora, sórí ọwọ́ mi, sórí abẹ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ibà ti mú un, ó ń gbọ̀n tí bẹ́ẹ̀dì ń dún. Ká ní ilé ló wà ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa sọ fún un pé òtútù lásán ni.

Wọ́n tún gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fọ inú ikùn rẹ̀ mọ́. Ojú rírán yẹn kò lè dúró mọ́, wọ́n fa ẹnu ìfun jáde sí ẹ̀gbẹ́ ikùn, wọ́n fi àpò rọ́bà bò ó, kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ jáde títí inú á fi san. Dókítà sọ fún Ìyá Ìbejì pé àwọn tètè bá a ni, ó ṣì kéré nígbà tí àwọn dé ibẹ̀. Bó bá ti tàn ká ikùn, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Tí ẹ bá rò pé ọkùnrin yìí dúpẹ́, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó kọ̀, kò wo àpò náà. Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ pa á dà, á fi ìrọ̀rí bo ojú, á máa payín keke. Ó ní ẹnu ìfun ọ̀hún pupa bí ètè, ó ń mira, ó ń dún nígbà tó bá wù ú. "Kì í tilẹ̀ tọrọ àyè!" Ó ní àwọn ènìyàn ń gbọ́ òórùn òun láti ẹnu géètì. Ó sọ fún Ìyá Ìbejì pé kó lọ máa sùn ní yàrá kejì tí àwọn bá délé.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi? Ìfun wo ni mi ò tíì fi ọwọ́ mú láyé? Tiyín tilẹ̀ mọ́ ju ti ẹja lọ." Òun ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ àpò náà, bí wọ́n ṣe ń fọ etí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gé rọ́bà kó bá ojú ìfun mu. Ó ń kọrin bó ṣe ń ṣe é. Ọkọ rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi kọjú sí ògiri.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tó yá, ó wọ ẹ̀wù tó fẹ̀. Kò sí òórùn kankan. Mo búra. Èmi tí mo ń jókòó tì í, ọṣẹ ni mò ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé àdúgbò, mo sì mọ ẹnu tó ti jáde. Alága kan náà tó ní àbúrò òun rin ìrìn àjò, nígbà tí kò rí ibi fi àṣírí pa mọ́ sí mọ́, ó sọ ọ́ di ìtàn tó fi ń dá àwọn ènìyàn lára yá. Ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí àpò wà. Àwọn oníbàárà kan ò wá mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Alága fúnra rẹ̀ wọlé. Mo wà níbẹ̀, mo fẹ́ gba aṣọ iṣẹ́ mi. Kò kí àbúrò rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó ní kó bá òun kó kóòtù òun àti ṣòkòtò méjì òun jáde, bí wọn ò bá tilẹ̀ tíì fọ̀ wọ́n.

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kò sí nǹkan kan. O mọ̀ pé aṣọ òde ni. Mi ò fẹ́ kí nǹkan... o mọ ohun tí mò ń sọ. Tọ́jú ara rẹ ná."

Ọ̀gá Tónítóní kó aṣọ náà wá. Alága na ìka méjì, àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀là, ó fi gba kóòtù bí ẹni mú ìrù eku. Mo ti fá orí eléèwo, mo ti fá irun onílàpálàpá, kò sí èyí tó rí mi lára tó ìka méjì yẹn.

Ọ̀gá Tónítóní sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ tí mo ti ń fọ aṣọ yín, mo ti fọ èébì ọtí kúrò níwájú kóòtù yẹn. Mo ti fọ ohun tí mi ò lè sọ lójú Onígbàjámọ̀ kúrò ní ìdí ṣòkòtò yín, nígbà tí inú yín bàjẹ́ tí ẹ ò bá a dé ilé. Mo ti fọ àtíkè tí kì í ṣe ti ìyàwó yín kúrò lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì. Mo bì nídìí báfù, mo padà, mo fọ̀ ọ́. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan rí?"

Alága kó aṣọ rẹ̀ lọ. Bó ti jáde ni Ọ̀gá Tónítóní jókòó, ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè lójú mi, ó wo àpò náà fúnra rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Ó ń rí mi lára síbẹ̀," ó ní. "Kò ní ṣàì rí mi lára. Ṣùgbọ́n ó bọ̀wọ̀ fún mi ju ẹni yẹn lọ." Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń pa àpò dà, imú rẹ̀ á súnkì, á máa bú u, á sì fọ ọwọ́ títí awọ fẹ́ bó.

Nígbà tí inú rẹ̀ san tán, wọ́n dá ìfun padà, wọ́n rán ikùn pa. Wọ́n tún ń fa ẹ̀jẹ̀ láràárọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló ń béèrè kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa: "Nọ́ọ̀sì, ó ga àbí ó rọlẹ̀?" Ó ga lọ́jọ́ kìíní bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ó ń rọlẹ̀. Dókítà gíga yẹn ní kó máa lọ.

Àwọn ènìyàn wá kí i nílé. Alága ló kọ́kọ́ dé, ó mú àga tó dára jù, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ò mọ ohun tójú mi rí! Wọ́n ti fẹ́ lé e lọ sílé o! Èmi ni mo dìde. Mo ní, 'Dókítà, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi dáadáa, kò gbọdọ̀ kúrò níbí!' Ká ní mi ò sí níbẹ̀..." Àwọn ènìyàn ń mi orí. Obìnrin kan ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ò ṣe é fi omi wẹ̀."

Mo wo Ọ̀gá Tónítóní. Ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, imú rẹ̀ ò tilẹ̀ súnkì. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo àbàwọ́n tí ọṣẹ ò ràn mọ́. Mo ti fẹ́ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, Ìyá Ìbejì di ọwọ́ mi mú. Ó dìde, ó lọ ṣí fèrèsé, ó ṣí ìkejì.

"Ṣé ooru ń mú yín ni, Ìyá Ìbejì?" ẹnì kan béèrè.

"Rárá o," ó ní. "Nǹkan kan ló ń rùn."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, Alága náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Mo gbé omi tí wọ́n bù fún mi sílẹ̀ láìmu, mo bọ́ sí ìta, mo tutọ́, mo sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi.